Ọmọ SS2 yí máàkì padà lórí portal: ṣé firewall ni ká rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan n'Íbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó 400, kọ̀ǹpútà 30 ló wà ní lábù wa. Router kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọ́fíìsì bọ́sà títí dé yàrá àwọn olùkọ́. Ní sáà tó kọjá, ọmọ SS2 kan fi pásíwọ́ọ̀dù olùkọ́ ìṣirò wọ portal èsì ìdánwò, ó yí máàkì tirẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ti wá bá wa, wọ́n ní firewall ti mílíọ̀nù 4 náírà ló máa yanjú ẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa sì ní ká lé ọmọ náà, ká fà á fún ọlọ́pàá. Kí lẹ rò?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, mà. Ẹ má tíì san mílíọ̀nù 4 yẹn. Ẹnu ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé ẹ̀kọ́ yín ni firewall máa ń dúró sí, ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde ló máa ń yẹ̀ wò. Ọmọ yín ò gba ibẹ̀ wọlé. Inú ọgbà ló wà, ó tẹ orúkọ olùkọ́, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà, portal sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ká ní firewall náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ohun tí ìbá rí ni pé ẹnì kan láti inú ilé ẹ̀kọ́ ṣí portal ilé ẹ̀kọ́. Kí ló fẹ́ dí níbẹ̀? Iná ara rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú dáadáa, n ò purọ́, ó sì máa ń wu àwọn òbí tó bá wá wo ọgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni oògùn àìsàn tó ń ṣe yín.

Irú èyí kì í ṣe tiyín nìkan. Ní September 2025, ICO, àjọ tó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni ní Bìrìtéènì, gbé ohun tí wọ́n rí jáde lórí ìṣẹ̀lẹ̀ 215 tó wáyé láàárín January 2022 sí August 2024, tó jẹ́ pé inú ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni ọwọ́ tó fà á ti wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nídìí 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn èyí tí wọ́n ti lo pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó gba ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó jinlẹ̀ kò ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tó kù kò ju nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ lọ: olùkọ́ tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ láìtì í pa, òṣìṣẹ́ tó fi àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ránṣẹ́ sórí fóònù ara rẹ̀, fáìlì tí kò yẹ kí gbogbo ènìyàn rí tí wọ́n sì ń rí i.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti jìn sí kòtò yìí. PowerSchool, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí àìmọye ilé ẹ̀kọ́ ń lo ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún máàkì àti àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ni olè wọ̀ ní December 2024. Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí wọ́n jí ló fi wọ portal tí ilé iṣẹ́ náà fi ń ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, portal náà kò sì béèrè ẹ̀rí kejì lọ́wọ́ ẹni tó wọlé. Olè halẹ̀ pé òun máa tú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 60 síta. Wọ́n sanwó fún un kó lè pa ohun tó kó rẹ́. Nígbà tó di May 2025, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìsọfúnni yẹn kan náà halẹ̀ mọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́, pé kí àwọn náà sanwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan tó ń kàwé lọ́wọ́ ní Massachusetts ni ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 4. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ SS2 yín kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí pásíwọ́ọ̀dù yẹn ti jò. Ẹ pe olùkọ́ náà sí kọ̀rọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í. Tó bá ti ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ òun máa bọ́, irọ́ ló máa pa fún yín, ẹ ò sì ní mọ ojú ihò náà. Ohun tí mo sábà máa ń bá pàdé rèé. Olùkọ́ ní ìwé ìdánwò 200 lórí tábìlì, portal ń falẹ̀, òní sì ni ọ̀gá ní kí gbogbo máàkì wọlé. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí kọ̀ǹpútà. "Wá bá mi tẹ èyí." Ọmọ jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò ṣi nọ́ńbà kan. Láàárín kan Chrome béèrè bóyá kí òun fi pásíwọ́ọ̀dù yìí pamọ́, ọmọ tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn ti di olùkọ́ ìṣirò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Kódà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín lónìí. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lábù kan, ẹ ṣí Chrome, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Password Manager sí. Orúkọ olùkọ́ tí ẹ máa bá níbẹ̀ lè yà yín lẹ́nu. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí pásíwọ́ọ̀dù tuntun má ṣe jẹ́ orúkọ bàbá pẹ̀lú 123. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan, tí wọ́n so pọ̀, rọrùn fún olùkọ́ láti rántí, ó sì le fún ọmọ láti méfò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe àwọn tó ṣe portal fún yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ó lè béèrè ẹ̀rí kejì, ìyẹn nọ́ńbà 6 tó máa ń yí padà lórí fóònù olùkọ́, irú èyí tí Google Authenticator ń gbé jáde. Tó bá lè ṣe é, ẹ tàn án fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹ sì fi ara yín ṣe àkọ́kọ́, torí àkáǹtì ọ̀gá àgbà ló lè ṣe ohun tó pọ̀ jù. Ẹ tún bi wọ́n bóyá portal ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló yí máàkì wo padà, lọ́jọ́ wo, ní aago mélòó, láti orí ẹ̀rọ wo. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè ti máàkì pa lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, tí yóò fi jẹ́ pé olùkọ́ kò ní lè fọwọ́ kàn án mọ́ àfi kí ẹ̀yin tún un ṣí. Bí ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ "ìyẹn ò sí lórí tiwa", ẹ máa wá portal mìíràn kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. N ò ní fi dídùn sọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí máàkì tó gorí portal, kí olùkọ́ kọ ọ́ sórí broadsheet, kó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Lẹ́yìn tí èsì bá jáde, kí igbákejì yín mú ọmọ bí i mẹ́wàá-mẹ́wàá láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kó fi ìwé wé portal. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà máa ń fi ìwé ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ọmọ tó wà ní SS2 kò lè ti inú fóònù yí ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù padà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ router kan ṣoṣo yẹn, òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló fa ọ̀rọ̀ máàkì. Bọ́sà, olùkọ́, lábù àti fóònù àwọn ọmọ, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni gbogbo wọn wà. Ilé olójúlé mẹ́wàá tí kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí gbogbo yàrá rẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà lábù tí kòkòrò (virus) bá wọ̀ lè rí kọ̀ǹpútà bọ́sà gbangba, ó sì lè gbìyànjú láti wọ inú rẹ̀.

Ẹ máa ní àwọn ọmọ ò mọ pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi. Wọ́n mọ̀ ọ́n, mà. Láti Android 10 ni fóònù tó bá ti wọ Wi-Fi kan rí ti lè pín in fún ẹlòmíì. Ọmọ tẹ Share, fóònù béèrè ìtẹ̀ka tàbí PIN onífóònù, lẹ́yìn náà ni QR code yọ sójú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, wọ́n tún kọ pásíwọ́ọ̀dù náà sí abẹ́ rẹ̀ ketekete. Tí olùkọ́ kan bá so fóònù ọmọ kan ṣoṣo mọ́ Wi-Fi lọ́jọ́ inter-house sports, gbogbo SS3 á ti wà lórí rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó parí. Ọ̀gá ICT yín lè dábàá pé òun á máa dí fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nípa nọ́ńbà MAC, ìyẹn nọ́ńbà tí router fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀. Iṣẹ́ àṣedànù ni. Àwọn fóònù ayé òde òní máa ń lo MAC tí wọ́n dá ṣe fún Wi-Fi kọ̀ọ̀kan, onífóònù sì lè mú kí ó yí i padà.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sí mẹ́ta: ọ̀kan fún bọ́sà àti ọ́fíìsì, ọ̀kan fún àwọn olùkọ́, ọ̀kan fún lábù àti àlejò, kí ọ̀kan má lè rí ìkejì. VLAN ni orúkọ ohun tó ń ṣe é. Router MikroTik kékeré, tí owó rẹ̀ kò súnmọ́ mílíọ̀nù kan rárá, lè ṣe é pẹ̀lú switch (àpótí tí wọ́n ń ki wáyà àwọn kọ̀ǹpútà bọ̀) tó mọ VLAN. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tò, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú ìwé kó tó lọ, torí ọjọ́ tí kò bá gbé fóònù rẹ̀ mọ́ ń bọ̀. MikroTik kan náà lè fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ lórí Wi-Fi. Nígbà tí ti ẹnì kan bá jò, tirẹ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Kọ̀ǹpútà bọ́sà ní tirẹ̀, wáyà ni kí ẹ fi so ó.

Fún lábù, ẹ fi 1.1.1.3 àti 1.0.0.3 ṣe DNS rẹ̀, ìyẹn ẹni tí kọ̀ǹpútà máa ń bi pé ibo ni ìkànnì kan wà. Ti ilé iṣẹ́ Cloudflare ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń dí ìkànnì tó ń pín kòkòrò àti èyí tó ń gbé àwòrán ìhòòhò jáde. Ọmọ tó bá lo VPN, ètò tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa fò ó kọjá, ẹ má tan ara yín jẹ, àmọ́ ó dáàbò bo àwọn tó kàn ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ.

Kí ni orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú router fúnra rẹ̀? Tó bá ṣì jẹ́ admin àti admin, kò sí ìyàtọ̀ láàárín yín àti ẹni tí kò fi pásíwọ́ọ̀dù sí router rẹ̀ rárá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pa WPS (bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí ènìyàn wọ Wi-Fi láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù) àti bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ láti ìta ọgbà. Ẹ tún wo ibi tí ẹ gbé e kọ́ sí. Ihò tíńtín kan wà lára ọ̀pọ̀ router, wọ́n kọ Reset sí i lára. Ọmọ tó bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lè dá router padà sí bó ṣe rí nígbà tó ti ilé iṣẹ́ dé, gbogbo ètò yín lọ, admin àti admin á sì padà dé. Inú àpótí onírin tí wọ́n tì ni ibùjókòó rẹ̀, ibi gíga, kì í ṣe orí fèrèsé yàrá olùkọ́. Kámẹ́rà CCTV yín náà, tí ẹ bá ní, ẹ yẹ pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ wò. Àwọn tó rà á kì í sábà rántí rẹ̀.

Ní lábù, ọ̀rọ̀ kò gùn. Kí àkáǹtì tí ọmọ ń lò má jẹ́ ti admin, kí ó má lè fi ètò kankan sórí ẹ̀rọ. Fíláàṣì tó ti wọ báísìnẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà márùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kò gbọ́dọ̀ wọ kọ̀ǹpútà bọ́sà láéláé. Ẹ sì bi ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún yín bóyá Windows tó fi sí i jẹ́ ojúlówó, torí àwọn tó ń fi activator (ètò tó ń mú kí ayédèrú Windows ṣiṣẹ́ bí ojúlówó) sí i máa ń pa Defender, ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò nínú Windows, kí activator tó lè ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ẹ sanwó fún ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Windows 10 ni ó ṣeé ṣe kó wà lórí èyí tó pọ̀ nínú 30 yẹn. Microsoft dẹ́kun títún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbogbòò ní October 14, 2025. Bí agbára àwọn ẹ̀rọ náà kò bá gbé Windows 11, ẹ ronú sí Linux Mint tàbí Ubuntu, àwọn ètò tó lè dúró dípò Windows, fún àwọn tó wà ní lábù. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, iṣẹ́ kíkọ àti íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ JSS ń ṣe kò sì ju agbára wọn lọ.

Ẹ má fojú kéré update. Ní May 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde láti March ọdún náà. Nílé níbí, JAMB ní kí àwọn ọmọ 379,997 tún UTME ṣe ní May 2025 torí pé àtúnṣe tó yẹ kó dé orí àwọn server (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá àwọn yòókù lóhùn) tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù kò dé ibẹ̀. Olè kankan ò wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ńkọ́? Èsì ọdún méje sẹ́yìn, owó tí òbí san, ibo ni ẹ̀dà rẹ̀ wà? Bó bá jẹ́ orí hard disk tó wà lára kọ̀ǹpútà bọ́sà tọ̀sán-tòru ni, kòkòrò tó bá ti fáìlì pa máa ti méjèèjì pa pọ̀ ni. Ẹ so ó mọ́ ọn ní Friday, ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí ibòmíì. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà, ẹ gbìyànjú láti ṣí fáìlì kan lára rẹ̀. Ìlú Los Angeles ni ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kejì tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà wà. Wọ́n kọlù ú ní September 2022, àsìkò ìsinmi Labor Day, nígbà tí òṣìṣẹ́ ò sí nítòsí. Wọ́n kọ̀ láti sanwó, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ àwọn olè da fáìlì tí wọ́n kó síta. Nítorí náà, ẹ̀dà ìpamọ́ máa dá iṣẹ́ yín padà, kò ní dá àṣírí àwọn ọmọ padà. Èyí tí ẹ ò nílò, ẹ má tọ́jú rẹ̀: ẹ̀dà NIN òbí tí ọmọ rẹ̀ ti jáde, ìwé ìlera ọmọ tó ti wà ní yunifásítì.

Òfin náà kàn yín. Nigeria Data Protection Act ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún NDPC, àjọ tó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni ní Nàìjíríà, tí ìsọfúnni àwọn ènìyàn bá jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára. Owó ìtanràn fún ilé iṣẹ́ tí òfin náà kò kà sí èyí tó ṣe pàtàkì gan-an lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ máàkì yìí lè má dé ibẹ̀, àmọ́ ẹ wò ó bóyá portal náà tún ń fi nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì òbí hàn. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ẹ fi han lọ́yà yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ní ti ọmọ náà, n kò sí lẹ́yìn àwọn tó ní kí ẹ fà á fún ọlọ́pàá. Lóòótọ́, Cybercrimes Act ti 2015 ka yíyí ìsọfúnni orí kọ̀ǹpútà padà láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Child's Rights Act ti 2003 kò fẹ́ kí wọ́n gbé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbé àgbàlagbà gbà. Kí wọ́n dá máàkì padà, kí ó gba ìyà tí ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ yín kọ fún ẹni tó bá jí ìdánwò wò, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí òbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ó tún jókòó pẹ̀lú ọ̀gá ICT, kó fi gbogbo ọ̀nà tó gbà hàn án lẹ́sẹẹsẹ. Ní Bìrìtéènì, National Crime Agency, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ńlá, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Cyber Choices fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, láti yí ẹsẹ̀ wọn sí ọ̀nà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó tọ́. Ọmọ ọdún 7 wà lára àwọn tí wọ́n ti mú wá síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí máàkì wọn lọ sókè ńkọ́? Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n sanwó fún un. Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré, ìjókòó ìgbìmọ̀ lẹ máa fi parí ẹ̀.

Nígbà tí ẹni tó ń ta firewall bá padà wá, ẹ má lé e. Ọjọ́ kan lè wà tí ẹ máa gbé server sínú ọgbà, tí ẹ máa ní ẹ̀ka méjì, firewall á wúlò nígbà náà. Ẹ kàn bi í pé èèló ni license rẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún kìíní, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba àtúnṣe tuntun mọ́ tí license bá ti tán. Ẹ sì bi í pé ta ló máa máa wọ inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti ka ohun tó kọ.